Àtẹ Tí A Kọ Fún Táyà

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, Àǹtí Wáyà tẹ bọ́tìnì kan ní ilé ìwòsàn etí, gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ sì parẹ́. Kò mọ̀. Ojú kọ̀m̀pútà kàn funfun báláú ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí àárín rẹ̀ pé, "Kò sí àkọsílẹ̀." Ó ní nẹ́tíwọ́kì ló tún ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Ó pa kọ̀m̀pútà, ó fi aṣọ bò ó nítorí eruku, ó ti fèrèsé, ó lọ sílé.

Èmi ni mo kọ bọ́tìnì náà.

Àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù a sì máa bá wa jókòó láti àárọ̀. Ọ̀gá wa là ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, nítorí pé kò sí ohun tí oníbàárà lè béèrè tí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí láyé. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹwà iṣẹ́ wa là ń pè ní Ìyá Àwọ̀. Ó lè fi odindi àárọ̀ jà lórí àwọ̀ ewé méjì tí èmi kò rí ìyàtọ̀ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni ohun tó wà lábẹ́ ẹwà náà, èyí tí ojú kì í rí.

Ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó ní ilé ìkàwé, ẹni tó ń fi àga yá ènìyàn, ẹni tó ń ta táyà, gbogbo wọn ló ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n lè wá a rí, kí wọ́n lè tún un ṣe, kí wọ́n sì pa á rẹ́ nígbà tí kò bá wúlò mọ́. Dípò kí a máa kọ ọ́ lákọ̀tun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kọ ẹyọ kan tó ṣeé gbé sí ojú-ìwé ayélujára yòówù kó jẹ́. A pè é ní Àtẹ. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà mẹ́wàá sì ni ojú-ìwé kan ń gbà. Bọ́tìnì wà fún fífi kún un, fún títún un ṣe, àti fún pípa á rẹ́. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni àpótí kékeré kan wà tí ènìyàn lè fi àmì sí, òmíràn sì wà lókè gbogbo wọn tí kò ní orúkọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Kí n tó mọ kọ̀m̀pútà, búlọ́ọ̀kù ni mo ń mọ. Àpótí irin kan ṣoṣo là ń lò, gbogbo búlọ́ọ̀kù inú ilé ńlá sì lè ti inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tútù kan bọ́ lé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì mi, èékánná rẹ̀ kò sì hù dáadáa mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rántí jù ni ìgbà tí etí àpótí náà wọ́ díẹ̀ tí a kò kíyè sí i. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí a mọ lẹ́yìn náà ló wọ́. Ògiri ti ga dé ojú fèrèsé kí bíríkìlà tó figbe ta. Ọwọ́ tí a fi mọ wọ́n náà la fi wó wọn, nínú òjò.

Láti ibi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í kúrò ní bàtà mi, ipasẹ̀ mi a sì máa hàn ní ilẹ̀ kíláàsì bí ipasẹ̀ adìyẹ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Àǹtí Wáyà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù, tí ó ń fi wáyà so ẹni tó ń pe ènìyàn mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá kọ́ kọ̀m̀pútà. Ẹyọ kan ni èmi àti òun jọ ń lò. Àwọn ọ̀dọ́ inú kíláàsì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá kọ̀m̀pútà sọ̀rọ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," yóò ní. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tèmi, mo ń po amọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́."

Bí oorun bá sì gbé mi lọ, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà. "Búlọ́ọ̀kù, jí! Àbí o fẹ́ kí n ka tìẹ mọ́ tèmi?" Bí kì í bá ṣe ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni, orí tábìlì ni mo máa ti fi oorun parí ẹ̀kọ́ mi.

Ọdún pọ̀ láàárín kí a tó tún ríra. Ilé ìwòsàn etí gba Àtẹ lọ́wọ́ wa, mo lọ kọ́ akọ̀wé wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo sì bá Àǹtí Wáyà nídìí tábìlì pẹ̀lú awò ojú kan tó so mọ́ okùn lọ́rùn rẹ̀.

"Haa! Búlọ́ọ̀kù!" Ó dìde, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Bàtà rẹ mà ti mọ́! Ìwọ ni olùkọ́ tí wọ́n ní ń bọ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ máà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi."

"Ó kù sí ọwọ́ rẹ. Má ṣáà ti sùn."

Ìyá Àwọ̀ bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Òun ló kọ àwọn ọmọ irọ́ mẹ́wàá sínú Àtẹ kí Àǹtí lè fi kọ́ṣẹ́. Orúkọ wọn ni Àlùbọ́sà Pupa, Àkàbà Gígùn, Àga Onírin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ni a sì kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n lè wà lójú-ìwé àkọ́kọ́. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a parí, ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́, pé kí n fi àyè kan kún ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n pè é ní Àkíyèsí. Kò-Sí-Wàhálà, tí kì í sọ rárá fún oníbàárà, kò gba ìyẹn. Ó ní àyè tí kò ní iṣẹ́ pàtó, pàǹtí ni wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀. Mo fi í síbẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo padà lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ, mo ka ohun tó ń kọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí ọmọ kan fún ìgbà àkọ́kọ́, Àǹtí Wáyà a jókòó sí igun yàrá, a wo ojú ọmọ náà, a sì kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀. "Ó gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀, ó bọ́ ọ." "Ó ní kí ìyá òun tún sín." "Ó bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ yọ ọ́, ó di ọwọ́ Dókítà mú." "Ó fi ọwọ́ béèrè bóyá oòrùn náà máa ń dún." Mo dúró, mo ń kà á títí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ní kí n gbé ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ Ẹtì yẹn, fóònù mi dún.

"Búlọ́ọ̀kù, nẹ́tíwọ́kì yín yìí kò tíì dé o. Mo ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ọkọ tó re àjò."

"Kí ló wà lójú rẹ̀, Àǹtí? Ẹ kà á sí mi létí."

"'Kò sí àkọsílẹ̀.'"

Mo fa àga mi sún mọ́ kọ̀m̀pútà. "Kí lẹ ṣe kẹ́yìn?"

"Mo pa Àlùbọ́sà Pupa àti àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀, Dókítà ní kí wọ́n má bá ìranù níbẹ̀. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà lójú-ìwé àkọ́kọ́. Mo fi àmì sí àpótí òkè, gbogbo wọn gba àmì, mo tẹ 'Pa á rẹ́.' Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò sunkún Àlùbọ́sà? Búlọ́ọ̀kù? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Oníṣòwò táyà ni oníbàárà tó kọ́kọ́ gba Àtẹ. Bí ọdún bá parí, ó máa ń fẹ́ pa gbogbo àkọsílẹ̀ táyà ọdún náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì fẹ́ máa ṣí ojú-ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ àpótí òkè náà kí ó lè mú ohun gbogbo, èyí tó wà lójú àti èyí tó wà lẹ́yìn. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, mo gbé Àtẹ kan náà fún wọn, mo yí orúkọ tó wà lókè padà láti "Táyà" sí "Ọmọ."

Mo sáré lọ wo ẹ̀dà. Ẹ̀rọ wa máa ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo lálaalẹ́, ṣùgbọ́n àyè ẹ̀dà kan ṣoṣo la fún un, èyí tó bá ṣe lónìí a jókòó lórí tàná. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń fi òtítọ́ inú ṣe ẹ̀dà òfìfo. Òfìfo ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Ohun tó sọnù kì í ṣe orúkọ lásán. Bí etí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ohùn tó lè gbọ́ àti èyí tí kò lè gbọ́, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ yí ẹ̀rọ rẹ̀ kó má baà ta á létí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú Àtẹ. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, pè wá sí ìpàdé. Kí a tó dé ibẹ̀, ó ti ní kí Àǹtí Wáyà kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí.

Lórí àtẹ̀gùn, Kò-Sí-Wàhálà di apá mi mú. "Jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀. Ẹni tó lò ó ló ṣe é, ó parí. Wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri, wọ́n sì fẹ́ gbé Àtẹ sí gbogbo wọn. Bí a bá gba ẹ̀bi, a ó lọ máa bá àwọn ará ìsàlẹ̀ rán bàtà nìyẹn."

"Ọ̀gá, àpótí òkè yẹn—"

"Kò sí wàhálà."

Àǹtí Wáyà wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, páálí wà lórí itan rẹ̀. Kọ́ọ̀pù kan ló wà nínú rẹ̀, àti ìborùn, àti aṣọ tó fi máa ń bo kọ̀m̀pútà.

"Ẹ̀rọ lé mi kúrò nídìí wáyà lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Bí eku kọ̀m̀pútà bá tún lé mi, kí ló kù tí mo fẹ́ lọ kọ́? Ọkọ̀ òfurufú?" Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè. "Àbúrò mi, ṣé èmi ni mo ṣe é lóòótọ́?"

Mo fẹ́ dáhùn. Dókítà ṣílẹ̀kùn.

Mo ti gbé Àtẹ tuntun kan wá nínú kọ̀m̀pútà mi, mo kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ irọ́ sínú rẹ̀, kí n lè fi ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wúwo lẹ́nu mi, ó sàn kí n fi hàn ju kí n sọ ọ́. Àmọ́ kí n tó jókòó, Kò-Sí-Wàhálà ti fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Dókítà, ẹ wò ó. Ọmọ ọwọ́ lè lò ó. Ẹ jẹ́ kí n pa àwọn mẹ́wàá tó wà lójú yìí nìkan." Ó fi àmì sí àpótí òkè. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gba àmì. Ó tẹ bọ́tìnì. "Ẹ rí i? Ó tilẹ̀ ń béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú."

Ojú kọ̀m̀pútà funfun báláú. Kò sí àkọsílẹ̀.

Ọ̀gá wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yíjú sí mi. "Nẹ́tíwọ́kì ńkọ́?"

Àǹtí Wáyà wúkọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sínú páálí rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gba aṣọ. Ẹ fi bò ó, ká máa lọ sílé."

Ìyá Àwọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni ó ń wò.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà," mo ní. "Ẹni tó ń ta táyà ni mo kọ ọ́ fún. Àpótí òkè yẹn ń mú ohun tí ènìyàn kò rí lójú, kò sì sọ fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ ni yóò ṣe ohun tí Àǹtí ṣe. Ẹ̀bi wọn kọ́."

"Ọmọ kì í ṣe táyà," Dókítà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gbé e wá fún mi?"

"Mi ò ronú kàn án."

Ó pa kọ̀m̀pútà mi dé, ó sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé Àtẹ ti lọ nìyẹn, àti ẹ̀ka ilé ìwòsàn, àti ìjókòó mi lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà.

"A ó tún gbogbo ọmọ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Dókítà sọ níkẹyìn. "Ẹ tún nǹkan yín ṣe kí àkọ́kọ́ wọn tó dé. Bí ó bá tún bi ènìyàn ní ìbéèrè tí kò yé e, ẹ kó o kúrò níwájú mi. Àǹtí, ẹ gbé páálí yẹn padà síbi tí ẹ ti gbé e. Ta ni yóò pe àwọn òbí? Ohùn yín ni wọ́n mọ̀ lórí fóònù."

Nígbà tí a jáde, Kò-Sí-Wàhálà ṣáájú mi títí a fi dé ojú pópó. Níbẹ̀ ni ó ti bú sẹ́rìn-ín lójijì. "Kí ló dé tí o kò dá mi dúró, ìwọ olóríburúkú yìí?"

"Ẹ ní kò sí wàhálà, sà."

A wó ohun tí a kọ́, a sì tún un mọ. Báyìí, àpótí òkè kì í mú ju ohun tó wà lójú lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, Àtẹ yóò sọ iye wọn fún un, yóò sì ka orúkọ wọn. Ohun tí a bá sì pa, kì í lọ tààrà. Ó ń wọ yàrá ẹ̀yìn kan, níbi tí ènìyàn ti lè lọ pè é padà. Ìyá Àwọ̀ kun ìlẹ̀kùn yàrá náà ní àwọ̀ ewé, ó ní òun kò ní gba àríyànjiyàn. A fún ẹ̀dà náà ní àyè púpọ̀, kí ọ̀kan má máa jókòó lórí èkejì mọ́.

Nítorí pé Àtẹ kan ṣoṣo ni, bí a ṣe tún un ṣe lọ́dọ̀ wa ni ó yí padà ní gbogbo ibi tó wà. Oníṣòwò táyà pè mí.

"Ta ló ní kí táyà máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀? Ṣé táyà ní ẹnu ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ fún un ní àkókò díẹ̀."

Kò pẹ́ tó fi pè padà. Ọmọ rẹ̀ ti pa èyí tí kò tíì tà mọ́ èyí tó ti tà. "Yàrá aláwọ̀ ewé tí ẹ sọ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ọ̀nà ibo ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́?"

Àǹtí Wáyà jókòó ti fóònù bí ìgbà tó wà nídìí pátákó, ó ń pe ilé ìwé, ó ń pe aládùúgbò, ó ń pe ẹni tó mọ ẹni tó mọ ìyá ọmọ kan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Àwọn kan ti ga débi pé ẹ̀rọ etí wọn ti há mọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí a kò bá pè wọ́n ni, yóò máa pa wọ́n lára lọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá a kọ orúkọ sínú Àtẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ pa mí rẹ́."

"Mo pa ọ́ rẹ́, o kò kú. Ó yá, jókòó, sọ ọjọ́ orí rẹ, má sì parọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá àgbà kan mú ọmọ kan wá fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kékeré tí kò tíì gbọ́ ohunkóhun rí. Àǹtí Wáyà fà mí lápá. "Wá jókòó sí igun. Lónìí, ìwọ ni yóò kọ ọ́." Dókítà fi ẹ̀rọ sí i létí, ó tan án. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó wo bàbá àgbà, ó wo àpò tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́rùn. Ó ṣí síìpù àpò náà. Ó dúró. Ó tì í padà díẹ̀díẹ̀, ó fi etí sún mọ́ ọn, ó tún ṣí i. Bàbá àgbà fi fìlà nu ojú.

Mo kọ ọ́ sí Àkíyèsí, mo fi pamọ́. Àǹtí Wáyà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á, ó ní sípẹ́lì mi ti dára díẹ̀ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, gbogbo ọmọ tí a lè rí ti wà nínú Àtẹ padà, wọ́n sì ti gbé Àtẹ sí ẹ̀ka ilé ìwòsàn méjì míràn. A tún etí wọn wọ̀n, a tún ẹ̀rọ wọn yí. Ohun tí Àǹtí Wáyà kọ sí Àkíyèsí nípa ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ràn, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sí níbì kankan mọ́.